Ẹní Níwájú Ilé Mísì Holo

Kí ojúmọ́ tó là dáadáa ni Leota ti jókòó sórí kọnkéré níwájú ilé Mísì Holo, ó tẹ orí ba, ẹní sì bò ó láti orí dé orúnkún. Ẹní náà kì í ṣe ẹní àtẹ́sùn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló hun ún ní Sàmóà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran. Ó rọ̀ bí aṣọ, ìyẹ́ pupa wà ní etí rẹ̀, inú àpótí ló sì wà láti ọjọ́ tí Leota ti gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ọkilandi. Irú ẹní bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó ńlá tàbí òkú ńlá ni wọ́n ń kó o jáde fún. Leota ti gbà pé òkú òun ni wọn yóò fi tiẹ̀ tẹ́. Kò rò ó rí pé òun yóò wọ abẹ́ rẹ̀ láàyè, nítorí ìtìjú.

Fuatino, àbúrò rẹ̀ obìnrin, jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí yòókù, gbogbo wọn dorí kodò. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ifoga ni wọ́n wá ṣe, ifoga kò sì ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí ọmọ yín bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀, olórí ẹbí ni yóò fi ẹní borí, tí yóò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí ẹ ṣẹ̀, títí onílé yóò fi jáde wá ṣí ẹní náà lórí rẹ̀. Láyé àtijọ́, onílé lè mú àdá jáde dípò ìyẹn, ẹni tó wà lábẹ́ ẹní kò sì gbọdọ̀ sá. Ṣùgbọ́n Leota kò bẹ̀rù àdá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n pa òun tì síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí òun dìde fúnra òun, kí òun sì ká ẹní òun lọ sílé. Ẹbí tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ padà wálé nìyẹn, yóò sì máa bá a gbé láti ìran dé ìran. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Lafaele ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Fuatino bí. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì, wọ́n borí, ó mu bíà, ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi eré burúkú wọ òpópónà tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Mísì Holo ń sọdá lọ́wọ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń sọdá lákòókò yẹn, àwo Fuatino lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ kékeré bo orí àwo. Ní òpópónà náà, àwo kì í padà lófìfo. Bí Fuatino bá fi ewé kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè ránṣẹ́, kéèkì ni àwo náà yóò gbé bọ̀, bó sì ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Lafaele.

Wọ́n bá ọmọ náà láàárín títì, ó gbé orí ìyá arúgbó náà lé itan, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn. Kò sá. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti mú un, àtìmọ́lé ló sì wà títí di òní. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú ẹbí. Ti ìjọba lọ́tọ̀, ti ẹní lọ́tọ̀.

Ká ní ará Sàmóà ni onílé ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Yóò ti mọ ohun tó ń wò, yóò sì ti mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ṣùgbọ́n Colin tó jẹ́ òyìnbó ló wà nínú ilé, ọmọ kan ṣoṣo tí Mísì Holo bí, ẹni tó ti kúrò ní Pọ́nsọ́nbì, àdúgbò wọn yìí, láti ìgbà ọ̀dọ́, tó wá sin ìyá rẹ̀, tó sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kó lè ta ilé.

Ẹni tó wà lábẹ́ ẹní kò níṣẹ́ kankan ju ìrántí lọ. Leota rántí bí òpópónà náà ṣe rí nígbà tó dé. Ilé onípákó tó ń jò ni gbogbo wọn. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán á dùbúlẹ̀ sí i kó tó tutù. Àwọn olówó á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á di imú. Àwọn òyìnbó tálákà tó wà níbẹ̀ ń kó lọ sí àdúgbò tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Sàmóà, ará Níúè àti ará Tóńgà sì ń kó wọlé, wọ́n bá àwọn Máórì, àwọn onílẹ̀ gan-an, níbẹ̀. Bó bá di Sátidé, èéfín ààrò òkúta á máa rú lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan á pe panápaná, àwọn panápaná á sáré dé, wọ́n á bá ẹlẹ́dẹ̀ tó ku díẹ̀ kó jinná. Nígbà tó yá, wọn kò gbé omi wá mọ́, abọ́ ni wọ́n ń mú wá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ilé kan á dá orin àdúrà, ilé kejì á gbè é, ó dìgbà tí orin bá rìn dé ìparí òpópónà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Àkókò yẹn ni Colin sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Àwọn ará erékùṣù ti gba àdúgbò."

Mísì Holo ní, "Ta ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Èmi ṣì wà níbí." Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Leota, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Colin lọ. Ìyá rẹ̀ dúró.

Ọdún tí àwọn ọlọ́pàá ń kó ajá wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtùkùtù ló wá hàn pé ìdúró rẹ̀ kì í ṣe ìdúró lásán. Àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ti kọjá àsìkò ni wọ́n ń wá, awọ ara èèyàn ni wọ́n sì fi ń mọ̀ wọ́n. Ìwé Fuatino ti kọjá àsìkò, oyún Lafaele sì wà nínú rẹ̀. Ó fo ọgbà, ó sá sọdá títì wọ ilé Mísì Holo láìwọ bàtà, ìyá náà sì tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Nígbà tí ọlọ́pàá ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀, Mísì Holo dúró níwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tòun ti aṣọ àwọ̀sùn, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ olóògbé ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Ṣé ò ń wá èyí tí wàá wọ̀ ni?" Ojú ti ọlọ́pàá náà, ó sì jáde. Obìnrin tó fi aṣọ àwọ̀sùn gba Lafaele là kí wọ́n tó bí i, òun ni Lafaele wá fi mọ́tò pa. Leota kò lè ro ọ̀rọ̀ náà dópin. Bó bá ti dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ á kọ̀, á padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Ilé onípákó tí wọ́n ń di imú sí ni wọ́n wá ń fi owó ńlá rà. Wọ́n kùn wọ́n ní funfun, wọ́n gbin òdòdó tí kò ní òórùn. Owó orí ilé ga, ọmọ pọ̀, àwọn ẹbí ń ta ilé wọn, wọ́n ń kó lọ sí Mángẹ̀rẹ̀ àti Òtárà lápá gúúsù. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbè orin àdúrà nígbà náà, ilé Leota àti ilé Mama Siale, ìyá arúgbó ará Níúè, ló kù. Mísì Holo kò gbọ́ èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí fèrèsé rẹ̀ lásìkò àdúrà.

Ilẹ̀ mọ́. Leota gbọ́ ẹsẹ̀ ajá lórí kọnkéré, imú ajá sì kan etí ẹní.

Ohùn obìnrin kan ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé fíìmù lẹ̀ ń yà ni?"

Obìnrin tó ra ilé tí pasítọ̀ wọn ń gbé tẹ́lẹ̀ ni. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò kàn mọ nǹkan kan ni.  Láti iwájú ilé rẹ̀ lódìkejì títì ni Mama Siale ti pariwo pé, "Ìyá ajá, máa bá ajá ẹ lọ. Ibi tó o dúró sí yẹn, ibi òkú ni."

Obìnrin náà fa ajá rẹ̀, ó lọ.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí. Ẹsẹ̀ Leota ti kú tipẹ́, kò sì mì.

Colin ní, "Kí lẹ̀ ń wá? Kí ni gbogbo èyí?" Ó sún mọ́ etí àtẹ̀gùn. "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni ẹbí ọmọ yẹn. Ẹ dìde níwájú ilé ìyá mi."

Wọn kò dìde.

"Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n gbè lẹ́yìn ọmọ yín ní kóòtù, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Mo ní ẹ dìde. Ẹ ti pa ìyá mi, ẹ tún wá tẹ́ ẹní sí mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ilẹ̀kùn padé gbàgà. Leota gbọ́ bí Fuatino ṣe ń sunkún lẹ́yìn òun, ẹkún tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Ó wù ú kó yíjú padà. Láàárín àwọn ará Sàmóà, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni ẹrú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Bí ohunkóhun bá fẹ́ kàn án, ara ẹ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà. Leota ti ṣe olórí ẹbí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, ọjọ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúwo.

Òjò dé, irú òjò Ọkilandi tí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi wọ inú ẹní, ẹní lẹ̀ mọ́ orí Leota, omi sì ń kán sí imú rẹ̀. Òjò dá, oòrùn yọ, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò ń rọra kọjá. Ẹnìkan fọn fèrè mọ́tò. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Leota gidi. Ó ń rò pé bóyá òun ti ṣìnà. Ṣé wọ́n ń bẹ ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀bẹ̀? Àbí ńṣe ni àwọn wulẹ̀ wá fi ìtìjú kún ọ̀fọ̀ ọlọ́fọ̀?

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ̀pá Mama Siale lórí títì, kó, kó, kó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pá náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì kan ilẹ̀kùn.

Mama Siale ní, "Colin. Jáde wá. Èmi ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. "Mama Siale. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ."

"Wọn ò lè lọ. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹní tó wà lórí ọkùnrin yẹn, ìwọ lo máa ṣí i."

"Bí mi ò bá ṣí i ńkọ́?"

"Á jókòó síbẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Ìwọ lo mọ ìyẹn." Mama Siale mí kanlẹ̀. "Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ṣé o mọ ẹni tó wà lábẹ́ ibẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ tó pa ìyá mi."

"Leota ni. Òun ló fi pákó tuntun sí àtẹ̀gùn tó o dúró sí yẹn. Ọmọ tó pa ìyá ẹ, òun ló ń gé koríko ẹ̀, òun ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo wá síbí kẹ́yìn?"

"Kérésìmesì."

"Ti ọdún wo?"

  Mama Siale mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó ti na ìdí rẹ̀ rí nítorí èso tó jí ká.

Ohùn Colin wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyá mi lánàá. Apá kan kún. Apá kejì ṣófo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìrọ̀rí kan nílẹ̀ àti kúbùsù kan tí wọ́n ká, ó ṣì ń run ọṣẹ. Mo ní orí ìyá mi ti dàrú kó tó kú nìyẹn."

Mama Siale ní, "Orí ẹ̀ pé ju tèmi tìẹ lọ. Ó ń tọ́jú ibẹ̀ ni. Ó máa ń sọ pé wọ́n lè tún padà wá."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọlọ́pàá. Ó ní bí wọ́n bá tún wá, ẹnìkan á nílò ibi tó máa sá sí."

Leota kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí wọn. Láti ọdún yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n ti gba ìwé, tí wọ́n di ọmọ onílùú, tí wọ́n ń dìbò, tí wọ́n ń san owó orí, obìnrin náà ṣì ń fọ kúbùsù dè wọ́n. Omi bọ́ lójú Leota lábẹ́ ẹní, ó sì dúpẹ́ pé òjò ń rọ̀.

Colin ní, "Ta ló sá síbẹ̀ nígbà náà?"

Ẹni tó wá ṣe ifoga kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Fuatino sọ̀rọ̀. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Èmi ni. Oyún Lafaele ló wà nínú mi."

 Ẹsẹ̀ Colin sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rìn nínú omi òjò, ó sì dúró níwájú Leota. Kò wọ bàtà. Láti etí ẹní, Leota rí i pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì gun orí àtàǹpàkò. Ẹsẹ̀ Mísì Holo gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bó bá ra bàtà tuntun, Leota ló máa ń bá a fi ọ̀bẹ gé ojú bàtà náà kí ìka yẹn lè ráyè. Ó di ojú, ó ń retí ọwọ́, ó ń retí ẹ̀ṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ni.

Colin ní, "Mi ò lè ṣí i."

Leota túbọ̀ tẹ orí ba.

"Kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀. Òun lẹ ṣẹ̀, ó sì ti kú. Èmi..." Ó sún mọ́ ẹní díẹ̀ sí i. "Mo fi ìyá mi sílẹ̀ fún yín, mo wá ń bínú pé ẹ ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mi ò mọ ẹni tó ń gé koríko ẹ̀. Ta ni mí tí màá fi ṣí ẹní lórí ẹnikẹ́ni?"

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, Leota kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ní Sàmóà tàbí ní Pọ́nsọ́nbì. Ó wólẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Leota, ó kọjú sí ilé ìyá rẹ̀, ó fa etí ẹní, ó sì fi bo orí ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, èjìká kan èjìká.  Òórùn ọṣẹ Mísì Holo wà lára aṣọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ẹní pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé tí yóò jáde wá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, inú ilé ṣókùnkùn. Leota wò ó láti etí ẹní, ó sì rí i pé ohun tí òun ń bẹ̀rù láti àárọ̀ ló dé yìí. Wọn yóò jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjèèjì yóò sì bá wọn dìde.

Ọ̀pá Mama Siale kan pákó. Ó wọ inú ilé Mísì Holo, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń rìn láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó mọ ibẹ̀. Ó ṣí fèrèsé iwájú, èyí tí wọ́n máa ń ṣí lásìkò àdúrà. Lẹ́yìn náà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde bí onílé ṣe ń jáde, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Leota, ó dúró níwájú wọn.

Ó ní, "Kì í ṣe àṣà tiwa ní Níúè. Ẹ má bínú bí mi ò bá mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú ẹní tó ti mu omi tó sì wúwo, ó sì ṣí i kúrò lórí wọn.

Ìmọ́lẹ̀ gbá Leota lójú. Fuatino pariwo ẹkún, àwọn yòókù náà sì bú sẹ́kún, ẹkún tí wọ́n ti mú mọ́ra láti Sátidé. Colin kò dìde. Leota ló fi apá gbé e, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sì ti kú, ó ku díẹ̀ kí àwọn méjèèjì jọ ṣubú. Mama Siale ní, "Ẹ rọra o. Èmi ò lágbára òkú mìíràn lọ́sẹ̀ yìí."

Inú ilé Mísì Holo ni wọ́n ti jẹ oúnjẹ tí ẹbí Leota sè wá, láàárín àpótí tí Colin ti dì. Leota sọ̀rọ̀ gígùn tí olórí ẹbí ń sọ, ó ní Lafaele yóò gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi, àwọn kò ní bẹ adájọ́. Ó tẹ́ ẹní náà sórí àga Mísì Holo, ó ní ti ilé yìí ni láti òní lọ, òkú òun yóò wá nǹkan mìíràn.  Colin wọ yàrá lọ, ó sì mú àwo kan jáde, àwo funfun olójú búlúù.

Ó ní, "Wọ́n kó o fún mi ní ọsibítù pẹ̀lú ẹrù ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ni ín."

Àwo náà kò fọ́. Fuatino gbà á, ó gbé e mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi oúnjẹ, ó bu kókò sí i, ó bu ewé kókò lé e, ó fi aṣọ bò ó, ó sì gbé e padà fún Colin.

Colin ń wo àwo náà. Ó ní, "Ìgbà wo ni kí n dá a padà?"

Fuatino wo Mama Siale. Mama Siale ní, "Ìgbà tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wá lófìfo."